Ìdánìkanwà àti Èrè Rẹ̀ fún Olùkọ́

Àwa ọmọ Yorùbá kì í sábà fi ojú rere wo ẹni tí ó bá ń dánìkan wà. Bí a bá bá ènìyàn ní ìdí igi, tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a óò bi í ni pé, “Kí ni ó ṣe ọ́?” tàbí pé, “Ta ni ó ṣẹ̀ ọ́?” Àwọn baba wa sọ pé ènìyàn ni aṣọ, wọ́n sì tún sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, èmi kò sì mú kálàmù láti tako wọn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ mìíràn wà tí ó ń bá wọn rìn, tí a kì í sábà dárúkọ: igbó kò lè dúró bí igi kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá ní gbòǹgbò tirẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí iwájú ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni pé ibi tí ìdánìkanwà ti ṣọ̀wọ́n tó ilé ẹ̀kọ́ irú tiwa yìí kò pọ̀. Agogo ni ó ń jí wa; agogo ni ó ń pè wá sí àdúrà, sí oúnjẹ, sí kíláàsì, àti sí ibùsùn. A jọ ń sùn, a jọ ń jẹun, a jọ ń kọrin. Nígbà tí agogo bá sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni ènìyàn ṣe lè lo gbogbo ọdún ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárín wa láìjẹ́ pé ó bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò sì jáde lọ láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni yóò rí fi kọ́ wọn, bí kò ṣe ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn?

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, nítorí pé àìmọ ìyàtọ̀ wọn ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn bẹ̀rù èyí tí ó dára nínú wọn. Èkínní ni àìlẹ́nìkan. Èyí ni ìyà ẹni tí ó fẹ́ rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ tí kò sì rí. Àrùn ni, ó sì ti tàn káàkiri. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú ènìyàn 6 ní ayé, ó tó 1 tí irú ìyà yìí ń jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀ràn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan mínísítà kan láti máa bójú tó o ní oṣù kìíní ọdún 2018. Èkejì ni kí ènìyàn ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ìgbéraga, tàbí nítorí ahun, tàbí nítorí ìkórìíra ọmọnìkejì rẹ̀. Ìwà burúkú ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ rere bò ó. Ẹ̀kẹta ni ìdánìkanwà tí mo ń sọ: kí ènìyàn tí ó ní ilé, tí ó ní ọ̀rẹ́, fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yẹra fún àkókò díẹ̀, kí ó lè rò, kí ó lè gbàdúrà, kí ó lè kọ̀wé, kí ó sì tún padà tọ àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Ènìyàn lè wà ní àárín Ọjà Ọba ní Òṣogbo kí ó má sì lẹ́nìkan. Ẹlòmíràn lè wà nínú ahéré oko ní ọ̀nà Iléṣà, kí ọkàn rẹ̀ sì kún dẹ́nu.

Àwọn kan lè wí pé àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ mú wọ ilé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń fi ọba jẹ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, a kì í mú ẹni tí a yàn kí a sì gbé adé lé e lórí ní ọjọ́ kan náà. Ìpèbí ni a óò kọ́kọ́ mú un wọ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kúrò nínú ariwo ìlú àti ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé Ìlofì ni wọ́n ń pe ibi tí Ọọ̀ni tuntun ń wọ̀. Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnìtàn Ògúnwùsì wọ̀ ọ́ ní ọdún 2015 kí ó tó gba adé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Kì í ṣe pé ẹni tí ó wà ní ìpèbí kò rí ẹnikẹ́ni rárá: àwọn àgbà a máa wọlé tọ̀ ọ́ láti kọ́ ọ ní ìtàn, ní èèwọ̀, àti ní ìwà tí ó yẹ ọba. Ṣùgbọ́n a yà á sọ́tọ̀, kí ẹni àtijọ́ lè kú nínú rẹ̀, kí ẹni tuntun sì rí àyè dìde. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ìlú gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdẹ. Ìtàn tí àwọn ará Òṣogbo ń sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú wọn ni pé ọ̀dá omi ni ó lé Lárọ̀óyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àti pé Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tí ó mọ igbó, ni ó ṣe amọ̀nà wọn dé etí odò Ọ̀ṣun. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ pé ìmọ̀ igbó kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ nínú àwùjọ. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ ìró omi. Ẹni tí èrò bá yí ká kò lè rí ipasẹ̀ ẹran. Ọdẹ a dá wọ inú igbó lọ, a dákẹ́, a fi etí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá rí omi, kì í dá a mu. Ohun tí ọdẹ rí ní òun nìkan ni gbogbo ìlú fi yè.

Bí a bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ìgbà tiwa, ẹ jẹ́ kí a rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Òdò-Ọwà ni a ti bí i ní ọdún 1904, ó sì ka ìwé díẹ̀ ní Òṣogbo kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní ọdún 1928, ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ọ̀nà láti Ìgbàrà-Òkè wá sí Iléṣà; òun ni ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ìtàn tí ìjọ rẹ̀ ń sọ ni pé ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹ̀rọ náà dúró ní ìtòsí Ìkéjì Arákejì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣe é. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni Babalọlá gbọ́ ohùn tí ó pè é ní orúkọ. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ wọ̀ lẹ́yìn náà ni ààwẹ̀ àti àdúrà ìkọ̀kọ̀. Ó ṣiṣẹ́ ìwàásù ní àwọn ìlú kan, ṣùgbọ́n ó di oṣù keje ọdún 1930, ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, kí ìsọjí ńlá tó bẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ń wọ́ wá láti ìlú jíjìn àti láti ìtòsí, tí orúkọ rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ó ṣiṣẹ́ náà títí ó fi kú ní oṣù keje ọdún 1959. Lónìí yunifásítì kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìkéjì Arákejì, ní àdúgbò ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́.

Olúkúlùkù ni yóò fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ wo ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ èyíkéyìí lè rí ohun kan kọ́ níbẹ̀: àwọn èrò tí ó kún Òkè-Oòyè kò wá wo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní ọjọ́ náà. Ohun tí ó ti ń kó jọ ní ìkọ̀kọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pàtẹ́wọ́ fún un, ni ó tú jáde ní gbangba.

Ẹlòmíràn wà ní Òṣogbo, tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà rẹ̀ jọ ọ́. Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀. Àdùnní ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915, ó sì dé Nàìjíríà ní ọdún 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Kò pẹ́ tí ó dé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ àjèjì ní ìlú, tí kò tíì gbọ́ èdè, tí àìsàn sì so mọ́lẹ̀, a máa wà ní òun nìkan bí ó fẹ́ bí ó kọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó súnmọ́ Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun. Nígbà tí ó yá, ó fi ìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo, ó sì gba iṣẹ́ àtúnṣe àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun mọ́ra. Kò dá a ṣe: Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Àkàngbé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn bá a ṣe é. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. Ní ọdún 2005, UNESCO kà á mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, àárín ìlú tí ń gbòòrò ni ó wà, síbẹ̀ igi rẹ̀ dúró. Àdùnní kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009. A lè má bá a sin ohun tí ó sìn, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé àkókò tí ó fi dá wà já sí asán.

Nítorí pé olùkọ́ ni àwa, n kò ní gbàgbé olùkọ́ kan. Samuel Johnson, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a bí ní Sàró ní ọdún 1846, ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà. Ó wà nínú ariwo ìgbà rẹ̀ dáadáa. Nígbà ogun Kírìjí, tí àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì fi ń bá Ìbàdàn jà láti ọdún 1877, òun pẹ̀lú Charles Phillips ni ó ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín àwọn ibùdó ogun, títí a fi dá májẹ̀mú ní ọdún 1886. Bí ó bá ti fi mọ sí inú ariwo náà, ohun tí ó rí ìbá bá a lọ sí ibojì. Ṣùgbọ́n ó padà sí Ọ̀yọ́, ó jókòó ti ìwé, ó sì parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ tí ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọnù. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1901. Láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbọ́ ìró ìbọn Kírìjí. Ẹni tí ó jókòó ní òun nìkan láti rò ó ni ó mú kí àwa tí a kò tíì bí nígbà náà gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ìdánìkanwà ń ṣe gan-an nínú ọkàn ènìyàn? Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tí Òṣogbo lókìkí fún dáhùn. Ìlú aró ni Òṣogbo. Aláró a máa gún ewé ẹ̀lú, a mọ ọ́n ní ìṣù, a sá a gbẹ. A sì máa sẹ́ omi eérú sínú ìkòkò, kí ó tó kó ẹ̀lú sí i. Ṣùgbọ́n kì í ti aṣọ bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Yóò dé ìkòkò náà, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí aró lè ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn. Bí ó bá kánjú, aṣọ rẹ̀ kò ní mu. Ohun ìyanu kan sì tún wà: nígbà tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé, atẹ́gùn ni ó ń sọ ọ́ di dúdú aró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́. Ohun tí a gbọ́ ní kíláàsì ni ẹ̀lú. Àkókò tí a fi dá wà tí a sì ń rò ó ni ìkòkò tí a dé. Ìpadàbọ̀ wa sí àárín ènìyàn ni atẹ́gùn. Ẹni tí kò wọ inú ìkòkò kò ní àwọ̀ kankan. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ tí ó kọ̀ láti jáde, àwọ̀ tirẹ̀ kò ní hàn.

N kò sọ pé ó rọrùn. Ní ọdún 2014, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn ènìyàn wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ìwé, láìsí fóònù, wọ́n ní kí wọ́n jókòó ti èrò ọkàn wọn fún ìṣẹ́jú 15. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni bọ́tìnnì tí ènìyàn lè tẹ̀ kí iná mànàmáná ta á, èyí tí wọ́n ti tọ́ wò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti sọ pé àwọn yóò san owó kí ó má tún ṣe àwọn mọ́. Síbẹ̀, nínú ọkùnrin 18, àwọn 12 tẹ bọ́tìnnì náà. Nínú obìnrin 24, àwọn 6 tẹ̀ ẹ́. Ìrora yá wọn lára ju ìdákẹ́jẹ́ lọ! Kí a má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ń ṣí fóònù rẹ̀ wò ní ìgbà ogún láàárín wákàtí kan, kí ni òun náà ń sá fún?

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan bí a óò ti máa wo àwọn ọmọ tí a óò kọ́. Donald Winnicott, oníṣègùn ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé ní ọdún 1958 pé agbára láti dánìkan wà jẹ́ àmì pé ọkàn ọmọ ti ń dàgbà, àti pé ibi tí ọmọ ti ń kọ́ ọ ni ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀: ó ń dá ṣeré, ó sì mọ̀ pé ìyá òun wà nítòsí. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá rí ọmọ tí ó yẹra fún eré àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe yára pè é ní ọ̀lẹ tàbí abínú ẹni. Kí ó kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Bí ojú náà bá mọ́, bí ó bá ń fi igi ya nǹkan sí ilẹ̀, tí ó sì padà wá tayọ̀tayọ̀ nígbà tí a pè é, kí a fi í sílẹ̀. Ó ń dé ìkòkò aró rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ó máa ń ṣeré tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́ lójijì, bí kò bá jẹun, bí ó bá ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, àìlẹ́nìkan ni èyí; ẹ tọ̀ ọ́ lọ. Olùkọ́ tí kò tíì dánìkan wà rí kò lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, yóò sì na ẹni tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀, yóò fi ẹni tí ó yẹ kí ó tù nínú sílẹ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Èkínní, kí a yan àkókò kan tí kò ní yẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 kí agogo òwúrọ̀ tó lù sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èkejì, kí a yan ibi kan, ìbá à ṣe ìdí igi ọsàn, ìbá à ṣe ilé ìsìn nígbà tí ó ṣófo, kí a sì fi fóònù sílẹ̀ nínú àpótí. Ẹ̀kẹta, kí a mú ìbéèrè kan lọ: kí ni mo kọ́ lánàá tí n kò gbà gbọ́? Ta ni mo ṣẹ̀? Bí mo bá fẹ́ kọ́ ọmọ ọdún méje ní ohun yìí, ibo ni n óò ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, kí a kọ ìdáhùn sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó kúrú tó. Ẹ̀karùn-ún, kí a padà. Bí ìbànújẹ́ ńlá bá sì ń bẹ lọ́kàn ẹnikẹ́ni, tí ọkàn rẹ̀ ń sọ ohun burúkú fún un, àkókò náà kọ́ ni ó yẹ kí ó dá wà. Kí ó tọ ẹni tí ó fọkàn tán lọ kíákíá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò pín wa káàkiri, tí a óò rán ẹlòmíràn nínú wa lọ sí abúlé tí ó jìnnà sí títì, níbi tí kò sí ẹgbẹ́ akọrin, tí kò sí ẹlẹgbẹ́ tí a jọ jáde níhìn-ín, tí alẹ́ gùn, tí iná kò sì sí. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí kò mọ bí a ti ń dánìkan wà yóò sá wá sí ìlú ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kò sì ní padà kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Tàbí kí ó fi ilé ẹlẹ́mu ṣe ilé. Àwọn ọmọ yóò máa dúró dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọ́ ọ yóò jókòó ti fìtílà rẹ̀, yóò ka ìwé, yóò ro ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ọ̀kan, yóò sì jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ohun tí yóò sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ nísinsin yìí tí agogo ṣì ń lù fún wa.